Ẹ Yẹ Inú Àpótí Wò Kí Ẹ Tó Ra Sikánà

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa papò dà lọ́dún tó kọjá, wọ́n sì fi àpótí fọ́tò méjì sílẹ̀ fún wa níbí ní Òkè-Àdó. Mo kà á, ó tó bí 800. Álúbọ́ọ̀mù mẹ́ta wà lọ́tọ̀, fíìmù wà nínú ọ̀rá, férémù márùn-ún sì wà lára ògiri pálọ̀. A fẹ́ tẹ ìwé kékeré fún ìrántí ọdún kan wọn. Ọmọ mi ní fóònù òun ti tó. Ẹni tó ń ta kọ̀ǹpútà ní kí n ra sikánà tí wọ́n kọ 19200 dpi sí lára páálí rẹ̀, pé òun ló ń mú àwòrán kedere jù. Èwo ni kí n rà, báwo ni mo sì ṣe máa gbé e kalẹ̀? Àbúrò mi ọkùnrin tún ní bí a bá ti ṣe é tán, kí a dáná sun àwọn fọ́tò náà kí ilé lè gbà wá. Ọmọ olóògbé, Òkè-Àdó, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀yìn wọn dára. Ẹni tó tọ́jú fọ́tò 800 títí dọjọ́ alẹ́ mọ ohun tó ń ṣe, ẹ má jẹ́ kí ìkánjú ìwé ìrántí ba iṣẹ́ náà jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ẹ má tíì fún ẹni tó ń ta kọ̀ǹpútà lówó. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bi mí ní irú ìbéèrè yìí ti dé ọjà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, bẹ́ẹ̀ inú àpótí gan-an ni ìdáhùn wà. Ipò tí fọ́tò wà ló ń yan ẹ̀rọ. Ní Sátidé kan tí òjò ò rọ̀, ẹ tẹ́ aṣọ funfun tó mọ́ sórí tábìlì, ẹ pa fáànù, ẹ fọ ọwọ́ yín kí ẹ nù ún gbẹ dáadáa, kí ẹ wá tú àpótí kìíní. Ẹ máa ṣà wọ́n sí òkìtì. Èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ tí kò lẹ̀ mọ́ nǹkan kan, ibì kan. Èyí tó ti ká bí ewé gbígbẹ, tàbí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páálí líle tí páálí náà ti wọ́, ibòmíràn. Èyí tó lẹ̀ mọ́ álúbọ́ọ̀mù, mọ́ gíláàsì tàbí mọ́ ara wọn, ẹ má fà á rárá, ẹ kàn gbé e sọ́tọ̀ bó ṣe wà. Fíìmù náà, ibi tirẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ ka òkìtì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀.

Bí òkìtì àkọ́kọ́ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀, ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ kékeré ti tó yín. Canon CanoScan LiDE 300, LiDE 400 àti Epson Perfection V39 II wà nínú ìran yìí. Wọn ò ní wáyà iná tiwọn, inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń fa iná nípasẹ̀ wáyà USB kan ṣoṣo. Ní ìlú tí iná ti ń lọ láìdágbére, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré: bí bátìrì láàpútọ́ọ̀pù yín bá ṣì dára, iṣẹ́ ń lọ. Àbùkù wọn kan ni pé CIS ni wọ́n ń pe irú ojú tí wọ́n fi ń ríran, ojú náà sì sún mọ́ gíláàsì pẹ́kípẹ́kí. Ohun tó bá kan gíláàsì nìkan ló ń rí dáadáa. Fọ́tò tó bá gbé etí sókè díẹ̀ báyìí, etí náà á ṣú.

Èyí tó nípọn, tó wúwo, tó ní wáyà iná tirẹ̀, CCD ni irú ojú tirẹ̀. Ó ń lo dígí àti lẹ́ǹsì bíi kámẹ́rà, nítorí náà ó ń rí ohun tí kò kan gíláàsì. Epson Perfection V600 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ nínú irú èyí. Iná wà nínú ìdérí rẹ̀ tó ń gba inú fíìmù kọjá, ó sì ń gba fíìmù mìlímítà 35 àti fíìmù 120 tó fẹ̀. Owó rẹ̀ ju ti àwọn kékeré lọ fíìfíì. Pẹ̀lú álúbọ́ọ̀mù mẹ́ta àti fíìmù tí ẹ sọ yìí, òun ni mo máa sọ pé kí ẹ wá, kódà bó jẹ́ tòkúnbọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ka fíìmù yín tí kò ju ogún lọ, ẹ ra ẹ̀rọ kékeré, kí ẹ gbé ogún fíìmù náà fún ẹni tó ní ẹ̀rọ ńlá kó bá yín ṣe é. Kò bọ́gbọ́n mu kí ènìyàn ra màlúù nítorí wàrà ife kan.

Irú kẹta wà tó ń gbé fọ́tò mì bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka owó ní báǹkì. Epson FastFoto FF-680W jẹ́ ọ̀kan, ó lè gba fọ́tò kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan ní 300 dpi. Fún fọ́tò ayẹyẹ ọdún 1990 sókè tó mọ́ tónítóní, ó dùn ún lò. Fún fọ́tò bàbá yín, mi ò ní fọwọ́ sí i. Iyanrìn kan péré tó bá há sínú rẹ̀ ti tó láti fa ìlà sí ojú gbogbo fọ́tò tó bá ń kọjá, èyí tó sì ti ká lè há sínú rẹ̀ kó ya.

Ó wá ku 19200 yẹn. Iye àmì tí ẹ̀rọ ń kà nínú íńṣì kan ni wọ́n ń pè ní dpi. Oríṣi méjì ni wọ́n ń kọ sí páálí. Èkíní ni èyí tí ojú ẹ̀rọ náà rí gan-an, wọ́n máa ń kọ "optical" sí i. Èkejì ni àbùlà, wọ́n ń kọ "interpolated" sí i: kọ̀ǹpútà ló dá àmì púpọ̀ sí àárín àwọn èyí tó rí. Bí ẹni bu omi sí ògì ni. Ife kún, ògì ò pọ̀ sí i. LiDE 300 ń rí 2400 gan-an, LiDE 400 àti V39 II ń rí 4800, V600 ń rí 6400. Gbogbo rẹ̀ ló ti ju ohun tí fọ́tò orí bébà ń béèrè lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Fọ́tò tó jẹ́ íńṣì 4 sí 6, bí ẹ bá sikáànì rẹ̀ ní 600 dpi, yóò ní àmì 2400 sí 3600. Bí ẹ bá gbé e fún òǹtẹ̀wé tó ń tẹ̀ ní 300, ó lè di íńṣì 8 sí 12 láìbàjẹ́, ìyẹn sì ju ojú ewé ìwé ìrántí yín lọ. Fáìlì TIFF rẹ̀, irú fáìlì tí kì í gé nǹkan dànù, á tó bí MB 26. Ní 1200 dpi, fọ́tò kan náà á gba bí MB 104, bẹ́ẹ̀ ohun tí ẹ máa rí sí i kò ju bí bébà náà ṣe hun lọ. Fọ́tò kékeré nìkan ni mo ń gbé sókè sí 1200: pásípọ́ọ̀tù tó jẹ́ mìlímítà 35 sí 45 á lè tóbi tó íńṣì 5 àti ààbọ̀ sí 7. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, pásípọ́ọ̀tù nìkan ni fọ́tò ìgbà èwe tí wọ́n ní, ẹ má kóyán rẹ̀ kéré. Ní 1957, nígbà tí onímọ̀ kọ̀ǹpútà Russell Kirsch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ sikáànì fọ́tò wọ inú kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, fọ́tò ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ oṣù mẹ́ta, ni wọ́n fi ṣe é. Àmì 176 ní ìbú, 176 ní gígùn. Ojú ọmọ náà hàn kedere síbẹ̀.

Ọmọ yín ò ṣìnà pátápátá lórí ọ̀rọ̀ fóònù. Ohun tí kò bá gba orí gíláàsì, fóònù ni tirẹ̀: férémù tó lẹ̀, àti kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ tí wọ́n to fọ́tò àwọn olóyè yí ká, tí mo mọ̀ pé ẹ máa rí ó kéré tán ọ̀kan nínú àpótí yẹn. Ohun èlò PhotoScan ti Google ń ya fọ́tò kan lẹ́ẹ̀mélòó kan, ó sì ń pa á pọ̀ kí ìtànṣán iná má bàa hàn lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n fóònù òde òní kì í lè ṣe kó má ṣe ojú ènìyàn lóge. Ó ń dán ara, ó ń pa ìlà ojú rẹ́, ó sì lè pa ilà ojú bàbá yín rẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Fún 800 fọ́tò, ọwọ́ á máa gbọ̀n, òjìji orí á máa bọ́ sí i, kó tó di ọ̀gọ́rùn-ún ọmọ náà á ti sú.

Bí ẹ bá ń lọ sí Dùgbẹ̀ tàbí Ìwó Road, tàbí tí ẹ ní ẹni tó ń lọ sí Ìkẹjà l'Ékòó, ẹ gbé láàpútọ́ọ̀pù yín dání, pẹ̀lú bébà funfun kan tí kò ní àbàwọ́n. Tuntun tàbí tòkúnbọ̀, ẹ má sanwó láìdán an wò. Ẹ sikáànì bébà funfun náà. Bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bá gba òkè dé ìsàlẹ̀, ojú ẹ̀rọ náà ti ní àléébù, tàbí eruku ti wọ ibi tí ọwọ́ ò lè dé. Bí tòkúnbọ̀ bá kàn ń pariwo tí kò rìn, ẹ yí i padà kí ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó pè é ní òkú: àwọn kan ní kọ́kọ́rọ́ kékeré tí wọ́n fi ń ti ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà ìrìnàjò. Mo ti ra irú "òkú" bẹ́ẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú rí, mo sún kọ́kọ́rọ́ náà ní iwájú ẹni tó tà á. Kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ wo ara ṣájà rẹ̀ náà. Bí wọ́n bá kọ "100–240V" sí i, ó dára. Bó bá jẹ́ 120V nìkan, Amẹ́ríkà ló ti wá, iná tiwa tó jẹ́ 230 máa sun ún lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó sì ń mú àwọn olówó pọ́ọ́kú sunkún jù ni ti dráífà, sọ́fítíwíà tí kọ̀ǹpútà fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀: sikánà àtijọ́ tó ṣì ń rìn dáadáa lè má bá Windows tuntun sọ̀rọ̀ mọ́, nítorí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti gbàgbé rẹ̀. Ohun èlò kan wà tó ń jẹ́ VueScan tó ń jí ọ̀pọ̀ irú wọn dìde. Owó ni wọ́n fi ń rà á, ṣùgbọ́n ẹ lè dán an wò kí ẹ tó sanwó, yóò kàn fi àmì tirẹ̀ sí ojú àwòrán ni. Ẹ fi dán tòkúnbọ̀ wò nínú ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀.

Ẹ ti gbé e délé. Kò sí ohun púpọ̀ nínú gbígbé e kalẹ̀. Tábìlì tí kò mì, tí oòrùn fèrèsé ò kàn, tí kò sí lábẹ́ fáànù. Ẹ yọ gbogbo sẹ̀lótéèpù tí wọ́n fi dì í. Ẹ fi sọ́fítíwíà rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ná kí ẹ tó so wáyà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe é sódì wọ́n sì ń bú ẹ̀rọ. Ojú kọ̀ǹpútà gan-an ni kí ẹ ki wáyà ẹ̀rọ kékeré bọ̀, kì í ṣe ojú ẹ̀rọ oníhò mẹ́rin tí ẹ ti ki máòsì àti fíláàṣì bọ̀, nítorí iná tó ń dé ibẹ̀ lè má tó o. Bí ẹ bá ń lo jẹnẹrétọ̀, ẹ má so sikánà oníwáyà mọ́ ọn tààrà láìsí stabilizer láàárín.

Eruku ni ọ̀tá yín. Ọyẹ́ ni àsìkò tó burú jù fún iṣẹ́ yìí ní Ìbàdàn, eruku á máa fò, fọ́tò á sì máa fà á mọ́ra bíi pé ó ń pè é. Òjò náà ní tirẹ̀, ọ̀rinrin. Bí ẹ bá lè yàn, ẹ ṣe é nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ tí ọyẹ́ ò tíì dé. Aṣọ rírọ̀ tí wọ́n fi ń nu awò ojú ni kí ẹ fi nu gíláàsì. Bó bá gba kí ẹ fi nǹkan sí i, ara aṣọ ni kí ẹ ta á sí, kì í ṣe gíláàsì, nítorí omi tó bá gba etí wọlé á fi àbàwọ́n sí abẹ́ rẹ̀ títí ayé. Fọ́tò fúnra rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ nìkan. Ẹ má fi omi kàn án, ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á ta sí i.

Nígbà tí ẹ bá ṣí sọ́fítíwíà Canon tàbí Epson, ẹ sáfún "Auto". Ẹ yan Photo, ẹ yan 600, ẹ yan Color. Bẹ́ẹ̀ ni, Color, kódà fún fọ́tò dúdú-àti-funfun. Fọ́tò àtijọ́ kì í ṣe dúdú àti funfun lásán. Ó ní àwọ̀ kọfí, ó ní àbàwọ́n omi, ó ní bírò búlúù tí ọmọ ẹnìkan fi ya irùngbọ̀n fún olóyè. Bó bá wà nínú àwọ̀, ẹ lè ya bírò náà sọ́tọ̀ lọ́jọ́ iwájú kí ẹ sì yọ ọ́. Gbogbo ohun tó ń mú àwòrán mú, tó ń yọ eruku, tó ń dá àwọ̀ padà, ẹ pa wọ́n. Ẹ mú ohun tó wà níbẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ fi pa mọ́ ní TIFF, kí àtúnṣe wá wà lára ẹ̀dà. JPEG ń gé nǹkan dànù kí fáìlì lè kéré, gbogbo ìgbà tí ẹ bá sì tún un ṣe tí ẹ tún un fi pa mọ́, ó tún ń gé. Ẹ̀dà fún ẹbí àti fún òǹtẹ̀wé ni kó jẹ́ JPEG.

Fọ́tò 3R mẹ́rin, èyí tó jẹ́ íńṣì 3 àti ààbọ̀ sí 5, á gba orí gíláàsì náà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi àyè ìka kan sí àárín wọn, ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà á gé wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ má lé ju 40 lọ lóòjọ́. Ogún ọjọ́ ni 800 gbà nìyẹn, kò pọ̀, nítorí bó bá ti rẹ̀ yín ni ọwọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ba nǹkan jẹ́.

Àwọn fọ́tò aláwọ̀ ti ọdún 1970 sí 1980 tí ẹ bá rí tí ó ti pọ́n bí ẹni tí wọ́n fi osùn kùn, ẹ má bẹ̀rù. Nínú àwọ̀ mẹ́ta tó pa pọ̀ di fọ́tò, èyí tó fara jọ búlúù ló kọ́kọ́ ṣá, ló jẹ́ kí pupa borí. Sọ́fítíwíà lè dá púpọ̀ nínú rẹ̀ padà, lára ẹ̀dà ni o. Ìgbà náà ni wọ́n tún fẹ́ràn bébà olójú afárá oyin, tí sikánà máa ń rí gbogbo òkè àti kòtò rẹ̀ bí ìràwọ̀ lójú ènìyàn. Ẹ sikáànì irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ yí i ní orí kodò lẹ́ẹ̀kejì, ẹni tó bá mọ GIMP, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń tún àwòrán ṣe, lè fi méjèèjì lé ara wọn lórí kí ìràwọ̀ náà rẹlẹ̀. Ìwé ìròyìn tí wọ́n gé náà, bí ẹ bá rí i, ẹ fi bébà dúdú sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ ojú kejì má bàa hàn, kí ẹ sì tan "descreen", ohun tó ń pa àmì tóótòòtó inú àwòrán ìwé ìròyìn rẹ́. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti gbà á láyè.

Mo fẹ́ jókòó ti àwọn tó lẹ̀ díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni èmi gan-an ti jẹ gbèsè. Ojú fọ́tò ní ìpele gẹ́látíìnì, awọ àti egungun ẹran ni wọ́n ti ń rí i. Ẹ rò ó bíi pọ̀nmọ́: bó bá mu omi, á rọ̀, á máa lẹ̀. Férémù tó wà lára ògiri tí òjò ń rọ̀ sí láti ẹ̀yìn, ojú fọ́tò inú rẹ̀ á rọ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, á gbẹ mọ́ gíláàsì, títí tí wọ́n á fi di ọ̀kan. Ní bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ìyá kan gbé férémù ìgbéyàwó rẹ̀ wá fún mi. Mo rí i pé ó lẹ̀ ní igun kan, mo ní ìyẹn ò le, mo mú ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́. Agbádá ọkọ jáde, gèlè jáde, ìdajì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó wà lẹ́yìn wọn jáde. Ojú ìyàwó dúró sára gíláàsì. Ìyá náà ò bá mi jà. Ó kàn di gíláàsì náà mú, ó ń wò ó.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Fọ́tò tó bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ẹ nu ìta gíláàsì náà, kí ẹ gbé òun àti gíláàsì rẹ̀ sórí ẹ̀rọ CCD. Bí gíláàsì náà bá tóbi ju ẹ̀rọ lọ, ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti ń wá láti ẹ̀gbẹ́, ẹ pa fíláàṣì fóònù, ẹ wọ aṣọ dúdú kí ara yín má bàa hàn nínú rẹ̀, kí ẹ yà á níbẹ̀. Álúbọ́ọ̀mù alátè, èyí tó ní ọ̀rá tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ ọn lójú, ẹ ká ọ̀rá náà sẹ́yìn bó bá gbà, kí ẹ dojú ewé náà dé odidi bó ṣe wà. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ní àwòrán rẹ̀ nìkan ni ẹ lè dán yíyọ wò: ẹ fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń yọ nǹkan láàárín eyín gba ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ máa fà á sọ́tùn-ún sósì jẹ́jẹ́. Bó bá ti ń tako yín, ẹ dáwọ́ dúró. Èyí tó ti bu, tó ní ìdọ̀tí funfun bíi ti búrẹ́dì, ẹ ya á sọ́tọ̀ kó má bàa ran àwọn yòókù.

Gbogbo fọ́tò tó bá ní nǹkan lẹ́yìn, ẹ sikáànì ẹ̀yìn rẹ̀. Òǹtẹ̀ fótógíráfà wà níbẹ̀, ọjọ́ wà níbẹ̀, "fún àbúrò mi ọ̀wọ́n" wà níbẹ̀. Fọ́tò tí wọ́n fọ̀ lókè òkun láyé ìjọ́un máa ń ní oṣù àti ọdún ní etí funfun rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ ni, ó lè ti pẹ́ nínú kámẹ́rà. Níbi tí kò bá sí ohun kankan, ẹ wo ẹ̀yìn àwọn tó dúró. Bí Cocoa House bá ti ga tán lẹ́yìn wọn, fọ́tò náà ò lè ṣáájú 1965. Bí ọkọ̀ bá ń gba apá òsì títì lọ, ó ti wà kí ó tó di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972, ọjọ́ tí gbogbo Nàìjíríà bọ́ sí apá ọ̀tún. Ti ọkọ̀ yìí tún wúlò fún fíìmù: bí ẹ bá dojú fíìmù dé sódì, òsì á di ọ̀tún, orúkọ ṣọ́ọ̀bù á sì kà sẹ́yìn. Ẹ̀gbẹ́ tó ń dán àti ẹ̀gbẹ́ tí kò dán ló wà lára fíìmù, ẹ ka ìwé ẹ̀rọ yín láti mọ èyí tó ń fẹ́ nísàlẹ̀. Lórí fíìmù dúdú-àti-funfun, ẹ pa Digital ICE, ìyẹn ohun tí V600 fi ń yọ eruku. Iná tí ojú ò rí ló fi ń wá eruku, fàdákà inú fíìmù náà sì ń dí iná ọ̀hún lọ́nà, á kàn máa ba ojú àwọn ènìyàn jẹ́.

Òǹtẹ̀ àti ọkọ̀ ò lè sọ orúkọ. Àwọn tó mọ orúkọ ti dàgbà, wọn ò sì ní dúró de ẹ̀rọ tí ẹ ò tíì rà. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ kó ọgọ́ta fọ́tò tí ẹ ò mọ ẹni inú rẹ̀ lọ bá àbúrò bàbá yín tàbí ìyá àgbà tó bá ṣẹ́ kù. Ẹ tan ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ fóònù, kí ẹ máa pe nọ́ńbà fọ́tò kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fi hàn wọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yà bàrá, ìtàn wà níbi tí wọ́n bá yà sí. Pẹ́ńsù rírọ̀ ni kí ẹ fi kọ nọ́ńbà sí igun ẹ̀yìn fọ́tò, kì í ṣe bírò, bírò ń tẹ̀ wọ ojú kejì.

Nọ́ńbà kan náà ni kó wà lára orúkọ fáìlì, kí ọdún ṣáájú: 1966-igbeyawo-014-iwaju, 1966-igbeyawo-014-eyin. Bí ẹ ò bá mọ ọdún dájú, 196x. Inú mi kì í dùn láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi àmì ohùn sí orúkọ fáìlì, àwọn ohun èlò kan ń sọ ọ́ di wúruwùru bí ẹ bá gbé e láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Inú ìwé àlàyé ni kí orúkọ ti wà pẹ̀lú àmì rẹ̀ pípé, kí Àyọ̀ká má bàa di ẹlòmíràn.

TIFF 800 náà á tó bí GB 21. Ti ọ̀fẹ́ tí Google ń fún ènìyàn kò ju 15 lọ, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2021 ni fọ́tò sì ti ń jẹ nínú rẹ̀. Ẹ ra háàdì dísìkì méjì. Ọ̀kan á wà lọ́dọ̀ yín, ìkejì á wà lọ́dọ̀ ọmọ ìyá yín kan tó ń gbé ìlú mìíràn. Ẹ kó JPEG sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn ò nílò kí n sọ ìdí rẹ̀: omi Ògùnpa ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980 ò bèèrè èwo ni ẹ̀dà, ti oṣù kẹjọ 2011 náà ò bèèrè. Bí ẹ bá ń fi ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé lórí WhatsApp, bíi Document ni kí ẹ fi ránṣẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á fún un mọ́ra títí ojú á fi ṣú.

Kí ẹ sọ fún àbúrò yín ọkùnrin pé rárá. Mi ò sọ ọ́ nítorí ìfẹ́ ohun àtijọ́ nìkan. Háàdì dísìkì lè dákẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Fọ́tò dúdú-àti-funfun tí wọ́n fọ̀ dáadáa ní 1960 ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ ò fi iná kankan wò ó. Ẹ lè ṣi nǹkan ṣe nínú sikáànì àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ ń ṣì í ṣe, ojúlówó nìkan ló lè fún yín láyè láti tún un ṣe. Bó bá jẹ́ àyè ni ìṣòro, fọ́tò 800 tí ẹ bá tò ní ìdúró sínú àpò bébà, tí kì í ṣe ọ̀rá, kò ní ju páálí bàtà mẹ́ta lọ. Ẹ gbé e sórí wọ́dúróòbù nínú yàrá tí ògiri rẹ̀ kò kan ilé ìwẹ̀, kó ga kúrò nílẹ̀ nítorí ikán. Bí kò bá sì gbà lọ́dọ̀ tirẹ̀, ẹ kó o wá sọ́dọ̀ yín.